Ẹ̀fọ́rí tí kò lọ: èyí tó lè dúró dilẹ̀ àtèyí tó yẹ kí ẹ gbé lọ sí pàjáwìrì

Bí ẹ bá bi ẹni tí orí ń fọ́ pé báwo ló ṣe ń dùn ún tó, á ní ó fẹ́ẹ̀ pa òun. Ìdáhùn yẹn kì í ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàjáwìrì ni pé ìrora kọ́ ni òṣùwọ̀n. Túúlu (migraine) lè mú àgbàlagbà sunkún, kó máa bì, kó ní kí wọ́n pa iná yàrá, síbẹ̀ kó má sí ewu nínú rẹ̀. Ẹlòmíì wà tí nǹkan ń wú nínú ọpọlọ rẹ̀, tó jẹ́ pé orí kàn ń wúwo fún un láràárọ̀ ni. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tó bá a rìn, àti bóyá ó yàtọ̀ sí èyí tó ti mọ̀ mọ́ onítọ̀hún lára: ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀fọ́rí tó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó wá le sí i láàárín wákàtí méjì mẹ́ta, yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó dé lójijì bí ìgbà tí wọ́n fi ọmọ odó gbáni lórí, tó ti le dé ibi tó máa le dé kí ìṣẹ́jú 1 tó pé. Irú kejì yìí, pàjáwìrì ni, bó bá tilẹ̀ rọlẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé paracetamol ló mú un rọlẹ̀. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń bẹ́ nínú agbárí nìyẹn: ẹ̀jẹ̀ á tú sáàárín àwọn awọ tó bo ọpọlọ, ó lè dá dúró fúngbà díẹ̀, kó tó tún bẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, èyí tó sábà máa ń burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láàárín wákàtí 6 àkọ́kọ́ ni sikáànù CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, máa ń rí ẹ̀jẹ̀ náà dáadáa jù. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣá lójú ẹ̀rọ, wọ́n á wá ní láti fi abẹ́rẹ́ fa omi láti ẹ̀yìn kí wọ́n tó lè mọ̀. Torí náà, bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ má kàn sọ pé “láti àná ni”. Ẹ sọ pé: “Aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ àná ni, wọ́n ń fọ aṣọ lọ́wọ́, ó kàn kì wọ́n mọ́lẹ̀ lójijì.” Gbólóhùn yẹn nìkan á mú kí nọ́ọ̀sì dìde.

Lẹ́yìn aago, ó kan ojú, apá àti ẹnu. Ẹ ní kí aláìsàn rẹ́rìn-ín, kí ẹ wò bóyá ẹnu wọ́ sápá kan. Ẹ ní kí wọ́n na apá méjèèjì síwájú, kí wọ́n dijú, kí ẹ kà dé ẹẹ́wàá. Bí apá kan bá ń rọ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ti rí i. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọjọ́ tí òní jẹ́ àti orúkọ ọmọ wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ fọkàn sí. Oògùn tí wọ́n fi ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ, wákàtí 4 àbọ̀ ni gbèdéke rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya sikáànù. Bó bá jẹ́ ojú oorun ni wọ́n ti jí pẹ̀lú rẹ̀, ìgbà tí ẹ rí wọn kẹ́yìn tí ara wọn dá ni aago náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n jí. Ẹ má fún wọn ní omi, àgbo tàbí epo pupa: ọ̀nà ọ̀fun lè ti kú, kí ohun tí ẹ fún wọn sì gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má fún wọn ní oògùn ẹ̀fọ́rí ẹlẹ́bú inú bébà pẹ̀lú. Aspirin wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, aspirin kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bó bá jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, ẹ ti da epo síná. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Rọpárọsẹ̀ kì í ṣe ti arúgbó nìkan, ọmọ ọdún mẹ́fà tó jẹ́ SS lè ní i.

Túúlu náà lè mú kí ìmọ́lẹ̀ máa ṣe wérewère lójú, kí ọwọ́ máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti túúlu máa ń rìn: láti ìka, ó dé apá, ó dé ẹnu, láàárín ìṣẹ́jú 5 sí wákàtí 1. Ti rọpárọsẹ̀ máa ń dé pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹ má jókòó sílé máa ṣe ìdájọ́, ẹ gbéra.

Ibà pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí ńkọ́? Nílẹ̀ wa, ibà ẹ̀fọn la máa ń kọ́kọ́ rò, ó sì sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀: ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti ìka, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 bí bébà inú páálí bá ṣe wí, kí ẹ tó kà á. Ibi tí àṣìṣe wà ni pé bí àyẹ̀wò bá ti ní ibà ẹ̀fọn wà, gbogbo ènìyàn á fọkàn balẹ̀. Ibà ẹ̀fọn lè wà lára kí àrùn yírunyírun, èyí tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ, sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kó gbìyànjú láti fi àgbọ̀n kan àyà. Ọrùn tó ń dunni bí èèyàn bá yí i sọ́tùn-ún sósì, ìrọ̀rí tàbí iṣẹ́ ló sábà ń fà á. Èyí tó ya igi, tí kò ṣe é tẹ̀ síwájú, ni kí ẹ torí rẹ̀ gbéra lọ sí pàjáwìrì. Bí nǹkan bá sú sí i lára, ẹ gbé ife dígí tó mọ́ gaara tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá parẹ́ lábẹ́ ife, ẹ má dúró. Lára àwa tí àwọ̀ wa dúdú, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, inú ìpéǹpéjú àti àjà ẹnu ni ẹ ti lè rí i. Ọmọ ọwọ́ ò lè sọ pé orí ń fọ́ òun, ṣùgbọ́n àwùjẹ̀ rẹ̀ á wú sókè, á máa ké bí wọ́n bá gbé e, kò sì ní mu ọmú. Ẹni tó bá sì ní kòkòrò HIV, tí orí ti ń fọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ méjì, kó má dúró de ibà tàbí ọrùn líle. Àrùn olú (fungus) tó ń mú ọpọlọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè yọ́ wọlé láìfi méjèèjì hàn.

Aboyún ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Láti ọ̀sẹ̀ 20 oyún títí di ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ, kò sí ẹ̀fọ́rí kékeré títí tí ẹ bá fi wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (BP). Bó bá ti tó 140/90, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bó bá tó 160/110, tàbí tí ìràwọ̀ ń tàn lójú, tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dùn, tí ojú wú tí òrùka ò sì yọ lọ́wọ́ mọ́, pàjáwìrì ni lóru tàbí lọ́sàn-án, torí gìrì aboyún ló ń bọ̀ yẹn. Oògùn tó ń dènà rẹ̀ ni magnesium sulfate. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ń lò ni giráàmù 4 sínú iṣan, àti giráàmù 5 sí ìdí kọ̀ọ̀kan. Bí ilé ìgbẹ̀bí tí ẹ wà bá ní àwọn ò lè dá a ṣe, tí wọ́n ní kí ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè fún un ní ìwọ̀n àkọ́kọ́ yẹn kí ọkọ̀ tó gbéra. Súnkẹẹrẹ fàkẹẹrẹ ọkọ̀ kò mọ̀ pé gìrì ń bọ̀.

Ìyá ọlọ́mọ tuntun ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Ó ti bímọ, wọ́n ti sọmọ lórúkọ, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, àwọn àgbà á ní afẹ́fẹ́ ló wọ̀ ọ́ lórí, kó fi ìborùn dì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn ìfúnpá ná. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn, tí orí ń fọ́ bó bá dìde, tó sì ń lọ bó bá dùbúlẹ̀, omi ọpọlọ ló ń jò láti ibi tí abẹ́rẹ́ wọ̀. Ẹ padà síbi tí wọ́n ti ṣe é, kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: “Ìdúró ló ń le.”

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru wá dé. Orí ń fọ́ bàbá, wọ́n wọn ìfúnpá, wọ́n bá 150/95, wọ́n ní “ẹ ò rí i, ẹ̀jẹ̀ ríru ni”. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í sábà fa ẹ̀fọ́rí. Ìrora fúnra rẹ̀ ló máa ń ti ìfúnpá sókè. Kí ẹ tó gba nọ́ńbà gbọ́: kí wọ́n jókòó, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀, kí apá wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú àyà, kí aṣọ má sí lábẹ́ ìdè ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì wà ní 180/120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ojú ń ṣú, tí ọ̀rọ̀ ń dàrú, tí àyà ń dunni tàbí tí èémí ò já gaara, pàjáwìrì. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọn, dókítà ni kí wọ́n rí lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́la, oògùn wọn ni wọ́n máa tún ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ nifedipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, sábẹ́ ahọ́n wọn láti já a wálẹ̀ kíá. Ọpọlọ tó ti mọ́ra pẹ̀lú ìfúnpá gíga máa ń ṣàìní ẹ̀jẹ̀ bó bá já lulẹ̀ lójijì, rọpárọsẹ̀ tí ẹ ń sá fún ni ẹ máa fi ọwọ́ ara yín fà.

Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má wulẹ̀ máa wá ibà kiri. Ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Èéfín carbon monoxide kì í rùn, kò sì láwọ̀. Àmì rẹ̀ ni ẹ̀fọ́rí, òòyì àti èébì tó ń rọlẹ̀ bí ẹ bá jáde síta, tó sì tún padà bí ẹ bá wọlé. Ẹ gbé gbogbo ènìyàn jáde ná kí ẹ tó ronú nípa pípa ẹ̀rọ. Ní ilé ìwòsàn, ẹ dárúkọ jẹnẹrétọ̀ fún wọn, torí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn oxygen inú ẹ̀jẹ̀ lè kọ 98, kó dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Kì í lè ya afẹ́fẹ́ olóró yẹn sọ́tọ̀ kúrò lára oxygen. Láti ìgbà yẹn lọ, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán sí fèrèsé. Báńkóònì kì í ṣe ìta.

Ẹni tó bá ṣubú lórí ọ̀kadà, tó bì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí oorun ń gbé lọ, tí ẹyin ojú rẹ̀ kan fẹ̀ ju èkejì lọ, tàbí tí omi tó mọ́ gaara ń jáde ní imú tàbí etí rẹ̀, kò nílò àlàyé. Arúgbó ni kí ẹ ṣọ́. Ìṣubú kékeré ní balùwẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa kán díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ agbárí, kí ẹ̀fọ́rí àti ìgbàgbé má sì hàn títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni ò rántí balùwẹ̀ mọ́. Ó burú jù fún ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tó ń mutí.

Èyí tó lè dúró dilẹ̀ pọ̀. Ẹ ka oògùn yín: paracetamol fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, tàbí oògùn alápòpọ̀ tó ní codeine tàbí caffeine fún ọjọ́ 10, bó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, oògùn náà gan-an lè ti di ohun tó ń fa ẹ̀fọ́rí. Ẹni tó máa ń jẹ obì lójoojúmọ́, tí orí wá ń fọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀, obì tí kò jẹ ló ń bá a jà. Gèlè tó fún àti irun tí wọ́n dì fínnífínní wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ tú u. Paracetamol 500 mg, méjì ni fún àgbàlagbà, ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kò gbọ́dọ̀ ju 8 lọ láàárín wákàtí 24, kí ẹ sì ka èyí tó wà nínú oògùn ọ̀fìnkìn mọ́ ọn.

Túúlu tó ju wákàtí 72 lọ, ẹ̀fọ́rí tuntun tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 50, èyí tó ń le sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó sì ń jí èèyàn láàárọ̀ pẹ̀lú èébì: ẹ rí dókítà láàárín ọjọ́ díẹ̀, kó sì wo ẹ̀yìn ẹyin ojú yín. Ṣùgbọ́n ojú kan tó pọ́n, tó le bí òkúta, tí ẹ ń rí òṣùmàrè yí iná ká, ọjọ́ yẹn ni, kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la.

Bí ẹ bá ń lọ, kí aláìsàn má wakọ̀ fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112, ní Èkó 767 náà wà. Ẹ da gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú ọ̀rá kan, àti àgbo tí wọ́n mu, ẹ má tijú. Ẹ mú káàdì aboyún dání. Kí ẹnì kan nínú ilé pe ilé ìwòsàn náà lójú ọ̀nà: “Ṣé CT yín ń ṣiṣẹ́ lónìí?” Ó lè dín wákàtí mẹ́ta kù fún yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan aláìsàn, òfin ìlera ti ọdún 2014, abala 20, kò gbà kí wọ́n kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ máa lọ sílé, ẹ ní kí wọ́n kọ àmì tó yẹ kó dá yín padà sínú bébà, kí ẹni tó máa sùn ti aláìsàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn sì jẹ́ ẹni tó lè kà á.