Ọwọ́ òsì mi ni kí ẹ bi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bi mí bí mo ṣe di olùkọ́ píánò ní Àkúrẹ́ yìí, ọwọ́ òsì mi ni kí ẹ bi.

Nílé wa, ẹni tó bá na ọwọ́ òsì gba nǹkan, ìgbájú ló máa gbà tẹ̀ lé e. A kì í fi òsì júwe ọ̀nà ilé bàbá ẹni. Èmi náà wá gbé e dé ìdí píánò: ọ̀tún ń kọrin geere, òsì ń wọ́ tẹ̀ lé e bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn àwọn akọrin bò mí láṣìírí. Ọjọ́ ìdánwò ni ó tú. Òsì gọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín orin. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo tún ti ṣubú. Mo fìdí rẹmi.

Olùkọ́ mi ní Òkè-Àró kò bá mi wí. Wọ́n ní kí n jókòó lé ọwọ́ ọ̀tún mi, kí n máa fi òsì nìkan tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ìgbín. (Tí òjò bá ti ń rọ̀, igi píánò wọn a wú, kíì kan, ìyẹn àwọn pátákó tí à ń fi ìka tẹ̀, a há. Mo ti fi ìyẹn ṣe àwáwí rí.) Orin Bach, ará Jámánì, ni wọ́n fún mi: ó kọ 15 irú rẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, Invention ni orúkọ wọn. Ohun tí ọ̀tún bá sọ, òsì á tún un sọ. Kò sí ọ̀gá, kò sí ọmọ ọ̀dọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìka òrùka kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì, ẹ ká ìka àárín wọnú, kí ẹ wá gbé ìka òrùka sókè. Kò dìde, àbí? Iṣan wọn ló so pọ̀. Ẹ má fipá fà á. Tó bá ń ro yín, ẹ sinmi.

Akin Euba, tó kú ní 2020, kẹ́kọ̀ọ́ dùndún jinlẹ̀, ó sì kọ orin píánò tó ń dún bí ìlù. Ẹ lọ wo àwọn onídùndún. Ìyáàlù ló ń fọhùn, àmọ́ ẹ ní kí gúdúgúdú dákẹ́ ná, kí ẹ gbọ́ bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá, ó ń tọrọ gáfárà pé òsì ni ọmọ òun ń lò fún gbogbo nǹkan. Mo ní kí ọmọ náà jókòó.