Àtúnṣe Ni Ẹ̀kọ́ Náà Wà: Bí A Ṣe Lè Fi Ìwé A4 Kọ́ Ọmọ Praimari Ní Iṣẹ́ Ẹnjiníà

Tí àwa olùkọ́ bá ní kí àwọn ọmọ fi ìwé ṣe afárá láti fi kọ́ wọn ní iṣẹ́ ẹnjiníà, ibi tí iṣẹ́ náà ti sábà máa ń dàrú ni pé a máa ń fi gbogbo àkókò ṣe afárá náà, a ò ní fi àyè sílẹ̀ láti tún un ṣe. Àwọn ọmọ á gé, wọ́n á ká, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, aago á lù, a ó pàtẹ́wọ́ fún ẹgbẹ́ tí tiwọn rẹwà jù, ó parí. Iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn, ó sì dára láàyè tirẹ̀. Àmọ́ ìgbà tí afárá bá wó, tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ibi tó ti kọ́kọ́ tẹ̀, ni iṣẹ́ ẹnjiníà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni mo máa ń kọ sójú pátákó, Yorùbá ni mo sì fi ń kọ wọ́n: bèèrè, rò ó, yà á, ṣe é, dán an wò, tún un ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́jọ á há wọn sórí lọ́jọ́ kan, torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n. Ẹ má ṣe bẹ̀rù pé èdè wa ò gba irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní Ilé-Ifẹ̀ tó wà nítòsí wa níbí ní Òṣogbo, láti ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣáájú rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ praimari, tó fi mọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, fún odindi ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa.

Kí ẹ tó dé ibi afárá rárá, ẹ kọ́kọ́ fi bí ìṣẹ́jú 15 tú èrò kan palẹ̀. Tí ẹ bá bi ọmọ praimari 4 ní Òṣogbo pé kí ni ìmọ̀ ẹ̀rọ, fóònù àti kọ̀ǹpútà ni yóò dárúkọ. Ẹ kó ọlọ, asẹ́, ìgbálẹ̀, pẹ́ńsù àti àjákù àdìrẹ kan sórí tábìlì. Ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ bi wọ́n lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: wàhálà wo ni èyí bá wa yanjú? Kí ló ń bà á jẹ́ tí wọn ò bá ṣe é dáadáa? Àdìrẹ ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, torí kò sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n nílùú yìí. Ẹ̀kọ láfún ni àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ fi ń ya ọnà sára aṣọ, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n sì fi ń yà á. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní wọ ibẹ̀. Bí ẹ̀kọ bá ṣàn jù, ọnà á tàn ká. Bó bá gbẹ tó sán, aró á gba ojú ibi tó sán wọlé. Ìyá tó ń tún ẹ̀kọ rẹ̀ rò títí tó fi ṣe déédéé, ohun tí ẹnjiníà ń ṣe gan-an ló ń ṣe. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn ọmọbìnrin.

Ó wá kan afárá. Odò Ọ̀ṣun ló gba ìlú wa kọjá, ọmọ tí kò tíì gun afárá rí ò wọ́pọ̀. Iṣẹ́ tí ẹ máa gbé fún wọn nìyí: ẹ fi ìwé A4 kan ṣoṣo ṣe afárá tí yóò la àlàfo 20 cm kọjá, láàárín òkìtì ìwé kíkọ méjì tí gíga wọn dọ́gba. Ẹ kò gbọdọ̀ lẹ afárá mọ́ òkìtì. Sẹ́lótéèpù yín kò gbọdọ̀ ju 10 cm lọ. Òfin wọ̀nyí ṣe pàtàkì. Tí ẹ bá ní kí wọ́n kàn ṣe afárá tó lágbára, sẹ́lótéèpù ni wọ́n máa fi we gbogbo rẹ̀, ẹ ò sì ní rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ lára rẹ̀.

Ọmọ mẹ́rin ni kó wà nínú ẹgbẹ́ kan, tó bá pọ̀ jù, márùn-ún. Tí wọ́n bá di mẹ́fà, ẹni méjì ló máa ṣiṣẹ́, àwọn yòókù á máa ṣeré. Ìwé A4 mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ kà sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fún kíláàsì ọmọ 40, ìwé 30 ti tó. Ìdérí ìgò mínírà onírin ni ẹrù tó dára jù, torí wọ́n tóbi bákan náà, wọ́n sì ṣeé kà. Ẹ bẹ àwọn tó ń ta mínírà, tàbí kí ẹ lọ ṣà wọ́n níbi òde àríyá ọjọ́ Sátidé. Àádọ́ta fún ẹgbẹ́ kan. Ẹ gé páálí 8 cm sí 8 cm fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbé e sí àárín afárá, kí wọ́n máa to ìdérí lé e. Láìsí páálí yìí, ìdérí á máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa jà lórí iye tó jẹ́.

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ìwé títí ẹ ó fi rí àwòrán rẹ̀. Ọmọ tó bá rí ìwé lọ́wọ́ kò ní ya nǹkan kan mọ́, tàbí kó ya á lẹ́yìn tó ti ṣe é tán. Àwọn míì á ya afárá tó ní ọkọ̀ àti òdòdó lórí. Ẹ má bá wọn wí. Ẹ kàn béèrè pé: níbo ni o máa ká ìwé? Sẹ̀ǹtímítà mélòó ni ìká kọ̀ọ̀kan? Ìwọ̀n mélòó ni yóò jókòó lórí òkìtì lọ́tùn-ún àti lósì? Ìwé A4 gùn tó 29.7 cm, nítorí náà á ku bíi 5 cm lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ fúnra wọn.

Ìwé tí wọn ò ká rárá yóò tẹ̀ lábẹ́ ìdérí díẹ̀ péré. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi máa ronú kan kíká a wẹ́wẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Ibí yìí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà: ìdajì kíláàsì ló máa ká a sí ibùú. Ojú ìká gbọ́dọ̀ lọ láti orí òkìtì kan dé òkìtì kejì. Tó bá dábùú àlàfo, ìwé á kàn nà bí kọ́tìnì tí wọ́n fà, á sì já sílẹ̀. Ẹ má sọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kó já, kí ẹ wá ní kí wọ́n yí i, kí wọ́n gbé e padà.

Ìdí tó fi ń lágbára nìyí, bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀: rúlà oníke tó dùbúlẹ̀ lórí àlàfo á tẹ̀ tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, tó bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní tẹ̀. Ìká kọ̀ọ̀kan sọ ìwé di ògiri kékeré tó nàró. Ògiri tó kúrú jù kò lágbára púpọ̀, èyí tó ga jù sì máa ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kan ká a ní 1 cm, òmíràn 2 cm, òmíràn 3 cm, kí a kọ èsì wọn sójú pátákó.

Bí wọ́n bá ń dán an wò, kí ọmọ kan gbé ojú sí ìpele tábìlì, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa wo ibi tó kọ́kọ́ yí padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ìká ló máa ń ṣí kúrò lára ara wọn kí afárá tó wó. Ọmọ tó bá rí ìyẹn á mọ ibi tó yẹ kí 10 cm sẹ́lótéèpù rẹ̀ lọ: lábẹ́, ní ìbùú, kó so àwọn ìká pọ̀. Ẹni tí kò rí i á fi í sí ọ̀ṣọ́. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, òkìtì ìwé ló máa ń yọ̀, kì í ṣe afárá. Ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé òkìtì lórí kí ẹ tó kà á sí àbùkù.

Nígbà àtúnṣe, ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n yí padà. Tí wọ́n bá yí ìká, sẹ́lótéèpù àti gígùn padà lẹ́ẹ̀kan náà, afárá lè dára sí i, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ohun tó mú un dára. Ìwé tuntun ni kí wọ́n lò, torí ìwé tó ti wó lẹ́ẹ̀kan ti ní ojú ìtẹ̀ tó máa tún gba ibẹ̀ wó. Bákan náà, ìwé máa ń rọ̀ lásìkò òjò, ó sì máa ń le nígbà ọyẹ́. Ẹ má fi èsì oṣù Keje wé ti oṣù Kejìlá.

Ẹ̀kọ́ méjì, ìṣẹ́jú 40 lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni mo máa ń yà sọ́tọ̀. Ti àkọ́kọ́ ò gbọdọ̀ kọjá àwòrán àti afárá àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìdánwò rẹ̀. Ti kejì jẹ́ ti àtúnṣe pátápátá. Tí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní máàkì, ẹ má fún ẹni tí afárá rẹ̀ ru jù. Ẹ fún ẹgbẹ́ tí afárá wọn kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí wọ́n sì lè sọ ìdí. Ẹgbẹ́ tó lọ láti ìdérí 6 sí 20 ti kẹ́kọ̀ọ́ ju èyí tó ru 40 lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Àwọn kan máa ń béèrè nípa sísẹ́ omi nínú ìgò ike. Ó dára fún praimari 5 àti 6: òwú ní ọrùn ìgò, èédú tí a gún, iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ lókè. Ẹ ti gé ìdí ìgò sílẹ̀ láti ilé, kí ẹ sì dorí rẹ̀ kodò. Ẹ fọ iyanrìn àti èédú títí omi wọn á fi mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi tó máa jáde á dúdú ju èyí tí ẹ dà sí i. Kí ọmọ kankan má sì mu omi náà, bó ti wù kó mọ́ tó; ojú ò rí kòkòrò àrùn.

Fún àwọn ẹgbẹ́ tí ìdérí 50 bá tán lórí afárá wọn tí kò wó, ẹ gbé pure water kan lé e. 50cl ló wà nínú rẹ̀, ìdajì kílò gbáko. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ kí ẹ tó gbé e, kí ẹ sì kó ìwé àwọn ọmọ kúrò lórí tábìlì.