Lẹ́tà tí mo ń ka ìlà kan nínú rẹ̀

Ọjọ́rú. Ìdájí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, alẹ́ ni mo parí rẹ̀.

Iná ti lọ láti àná. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì ka orí páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ọ̀kan nínú páálí márùn-ún tí a kó dé láti Ìbàdàn tí a kò tíì tú. Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí ibi iṣẹ́ Bàbá Ìbejì ti gbé e wá sí Àkúrẹ́. Okùn tí mo fi di àwọn páálí náà ní Mọ́kọ́lá ṣì wà lára wọn, bí mo ṣe so ó gan-an.

Mi ò tú wọn nítorí mo ti gbà pé a ò ní pẹ́ padà. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri pálọ̀ wa tí wọ́n kọ Jeremáyà 29:11 sí gàdàgbà: èrò àlàáfíà ni Olúwa ń rò sí wa, kì í ṣe èrò ibi. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbé ọwọ́ lé ẹsẹ yẹn, tí màá ní, Olúwa, dá wa padà sílé. Níbi ìsọjí kan lọ́dún tó kọjá, àlejò oníwàásù kan tún ní kí oṣù mẹ́ta tó pé, gbogbo ẹni tí wọ́n ṣí nípò yóò padà sí ibi tí ọkàn rẹ̀ wà. Mo ṣe àmín títí ohùn mi fi há. Oṣù mẹ́ta pé, oṣù mẹ́fà pé, ẹrù wa ṣì wà nínú páálí.

Kì í ṣe pé mi ò kì í ka Bíbélì. Àkọ́sórí tí mo mọ̀ láti kékeré kò níye. Mo tún ní ìwé ìfọkànsìn tí mò ń kà láràárọ̀: ẹsẹ kan, àlàyé kan, àdúrà kan, mo ti parí rẹ̀ kí omi ẹ̀kọ tó hó. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń bá mi rún un, èmi kàn ń gbé e mì. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló wà nínú ẹsẹ kẹwàá tó ṣáájú ẹsẹ kọkànlá tí mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí orí náà láti òkè, mo sì rí i pé lẹ́tà ni. Ẹsẹ kìíní sọ ọ́ kedere, pé ọ̀rọ̀ ìwé tí wòlíì Jeremáyà fi ránṣẹ́ láti Jerúsálẹ́mù nìyí. Mo gbé Bíbélì sí orí itan mi. Bàbá mi ni mo rántí.

Bọ̀dá mi àgbà wà ní Kánò nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tí lẹ́tà rẹ̀ bá dé, Bàbá kì í dédé já a. Á jókòó, á nu awò ojú rẹ̀, á bi ẹni tó mú un wá pé ìgbà wo ló kúrò lọ́hùn-ún, báwo ni ara rẹ̀ ṣe rí nígbà tó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni á wá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó wà lókè ìwé, á kà á dé ibi orúkọ tó wà nísàlẹ̀, kò ní fo ìkíni kankan. Tó bá parí, á ní, “Ẹ jẹ́ n tún un kà.” Ìgbà kejì yìí ló máa ń dúró. “Ó ní ara òun ti le báyìí. Ìgbà wo ló ṣàìsàn tí a ò gbọ́?” Lọ́jọ́ kan, bí Màámi ṣe gbọ́ “mò ń bọ̀ wálé lọ́dún Kérésì”, ijó ló bẹ́ sí. Bàbá gbé ọwọ́ sókè. “Dúró ná, ìyàwó. Ó ní bí ọ̀gá òun bá fún òun láàyè.” Ọ̀gá rẹ̀ kò fún un láàyè lọ́dún yẹn. Bàbá nìkan ni ìbànújẹ́ kò ká mọ́ nílé wa.

Bí mo ṣe wá ń ka Jeremáyà 29 láti ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan àti pẹ́ńsùlù, mo sì ń béèrè ohun tí Bàbá máa ń béèrè. Ta ló kọ ọ́, ta ló mú un lọ, ta ni wọ́n kọ ọ́ sí, kí ló ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́. Orúkọ àwọn tó mú un lọ pàápàá wà níbẹ̀: Élásà ọmọ Ṣáfánì àti Gemaráyà ọmọ Hilikáyà, àwọn tí Sedekáyà ọba rán sí Nebukadinésárì ní Bábílónì. Mi ò rí orúkọ wọn rí láyé mi, bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ wọn ni ẹsẹ tó wà lára ògiri mi gbà dé ibi tí wọ́n rán an sí.

Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí ni wọ́n kó ní ìgbèkùn pẹ̀lú Jekonáyà ọba àti ìyá rẹ̀, àwọn ìjòyè, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn alágbẹ̀dẹ. Bíbélì Atọ́ka ni mo ń lò, atọ́ka tó wà níbẹ̀ sì mú mi lọ sí 2 Àwọn Ọba 24. Ibẹ̀ ni mo ti kà pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn ni wọ́n kó lọ. Ọdún 597 ṣáájú ìbí Krístì ni èyí ṣẹlẹ̀, nígbà tí Jerúsálẹ́mù ṣì dúró, tí tẹ́ńpìlì kò tíì jóná. Ìlú wọn ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí. Ìdí nìyẹn tí ọkàn wọn kò fi kúrò níbẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń rí.

Orí kejìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ọjọ́ méjì kà. Wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà dìde nínú tẹ́ńpìlì, ó ní ọdún méjì péré, Olúwa yóò dá gbogbo ẹni tí wọ́n kó lọ padà. Ó tilẹ̀ já àjàgà igi tí Jeremáyà gbé kọ́rùn, àmì ìsìnrú lábẹ́ ọba Bábílónì, kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ níṣojú gbogbo ènìyàn. Ohun tó mú mi dúró ni pé Jeremáyà fúnra rẹ̀ ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ Hananáyà! “Àmín, kí Olúwa ṣe bẹ́ẹ̀.” Ó wù ú pé kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wù ú kọ́ ni Olúwa wá fún un láti sọ. Hananáyà kú ní oṣù keje ọdún yẹn.

Orí tó tẹ̀lé e ni lẹ́tà náà wà, ẹsẹ kẹwàá rẹ̀ sì ní àádọ́rin ọdún. Ìlà tó wà lókè ìlà tèmi nìyẹn. Kàlẹ́ńdà mi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo pa tọ́ọ̀ṣì, mo jókòó sínú òkùnkùn díẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogójì ọdún nígbà tí lẹ́tà yẹn dé, kò ní padà. Síbẹ̀, òun náà wà lára àwọn tí Olúwa ń sọ fún pé èrò àlàáfíà lòun ń rò sí yín. Mi ò sọ pé àlejò oníwàásù yẹn jẹ́ Hananáyà o, mi ò mọ ọkàn rẹ̀. Èmi ni mo mọ̀ pé mi ò yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Bèríà yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù alára wò lójoojúmọ́, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sì yìn wọ́n fún un.

Pẹ́ńsùlù ló bá mi rí ìyókù. Mo fa ìlà sábẹ́ àlàáfíà inú ẹsẹ kọkànlá. Mo wá wò ó bóyá ó wà níbòmíràn nínú lẹ́tà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wà nínú ẹsẹ keje nìkan: kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n kó wọn lọ, kí wọ́n máa gbàdúrà fún un, nítorí nínú àlàáfíà rẹ̀ ni wọn yóò ti ní àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbi méjèèjì lédè Hébérù pẹ̀lú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ajayi Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ náà, tí odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde lọ́dún 1884, pé wọn ò pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà níbì kan kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbì kejì. (Àlàáfíà alára, láti èdè Lárúbáwá ló ti wọlé, bíi ti àdúrà àti wàásù. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé èmi àti àwọn ará ilé wa tó jẹ́ Mùsùlùmí jọ ń pín in lò.) Àwọn kan ní “nyin” àti “nwọn” inú Bíbélì àtijọ́ ń sú àwọn, mo sì máa ń ṣí Bíbélì Ìròyìn Ayọ̀, ìtumọ̀ ti òde òní, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó bá ṣòro. Ṣùgbọ́n àìyára rẹ̀ yẹn ń ràn mí lọ́wọ́. Mi ò lè sáré kà á.

Oṣù mẹ́rìnlá, mi ò gbàdúrà fún Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Lánàá, mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ mi lọ síbi ẹ̀kọ́ Bíbélì. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mo fi kún un pé ó dà bíi pé ìrètí àtipadà ni Jeremáyà fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Màmá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ní, “Ọmọ mi, o ò tíì ka lẹ́tà yẹn tán. Ka ẹsẹ kẹrìnlá sí wa létí.” Mo kà á. Olúwa ní òun yóò kó wọn jọ, òun yóò sì mú wọn padà. Màmá ní, “Má fi ẹsẹ kan lé èkejì jáde nílé.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti fẹ́ kúrò nínú jíjẹ ẹsẹ kan bọ́ sínú jíjẹ ẹsẹ mìíràn. Mo dúpẹ́ pé mo gbé e lọ bá àwọn ẹlòmíràn.

Ní ìdájí òní, mo kà á dé ìparí. Ẹnìkan tó ń jẹ́ Ṣemáyà kọ ìwé padà sí Jerúsálẹ́mù pẹ̀lú ìbínú, pé kí ló dé tí wọn ò bá Jeremáyà wí, ẹni tó ní ìgbèkùn yìí yóò pẹ́, pé kí àwọn kọ́ ilé. Atọ́ka tún gbé mi dé Dáníẹ́lì 9. Dáníẹ́lì ti dàgbà gan-an níbẹ̀, ó ní ìwé lòun fi mọ iye ọdún tí Olúwa sọ fún Jeremáyà, ó sì dojú kọ àdúrà àti ààwẹ̀. Wòlíì ni, ó ń rí ìran, síbẹ̀ ó jókòó ti ìwé kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀la ni màá ka orí yẹn látòkè délẹ̀.

Ẹsẹ karùn-ún ni mo gbé lọ sẹ́yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbin ọgbà, kí ẹ jẹ èso rẹ̀. Òjò ti rọ̀ ní ọ̀sán, ilẹ̀ rọ̀. Mo lọ bá ìyá tó ń gbé iwájú wa, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún mi ní èso ewédú díẹ̀. Wọ́n wò mí. “Ẹ fẹ́ gbìn ín? Àwa ti rò pé ẹ ò ní pẹ́ lọ ni, igbó ẹ̀yìnkùlé yín ti fẹ́ wọlé bá yín.” Wọ́n bù ú fún mi sínú bébà, ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n sì tẹ̀lé mi wá fi bí màá ṣe la ilẹ̀ hàn mí. Mi ò mọ orúkọ ọmọ wọn títí di òní.

Nígbà tí Bàbá Ìbejì wọlé, ilẹ̀ pálọ̀ ni mo wà, mo ń fi ọ̀bẹ já okùn páálí kẹta. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá Ìbejì, kí ló dé? Wọ́n ti pè wá padà ni?”

“Rárá o,” mo ní. “A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.”

Ó wo ọwọ́ mi tó kún fún erùpẹ̀, ó wo àwọn àwo tí mo ti tò sílẹ̀, àwọn àwo ìgbéyàwó wa. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní páálí wo ni òòlù wà, kí òun kan ìṣó fún dígí.