Ẹjọ́ Paris Kì í Ṣe Ẹjọ́ Saka

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 8 oṣù Èbìbí, 2025

PSG, ẹgbẹ́ Paris, ti já àwa ọmọ Arsenal kúrò nínú ìdíje Champions League. Góòlù méjì sí ẹyọ kan ní Parc des Princes lálẹ́ àná, lẹ́yìn ẹyọ kan sí òdo tí wọ́n ti fi nà wá nílé wa ní Emirates lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ká ro ó pọ̀, mẹ́ta sí ẹyọ kan. Inú mi bàjẹ́ gan-an, oorun ò sì kun ojú mi dáadáa. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun tí mo bá lórí fóònù mi tún dá kún un: àwọn tó pe ara wọn ní ọmọ Arsenal ń bú Bukayo Saka agbábọ́ọ̀lù wa, àwọn mìíràn ní kí wọ́n lé kọ́ọ̀ṣì wa, Mikel Arteta, kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Mo fẹ́ kọ ohun tó wà nínú mi sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà tí ọjà ríra agbábọ́ọ̀lù ti oṣù Ṣẹẹrẹ ti kọjá tí a ò ra ẹnì kankan.

Orí Saka ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 76, Trossard gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún un. Donnarumma, aṣọ́lé PSG, gba ti àkọ́kọ́ dà nù, Saka ò jẹ́ kó tutù, ó tún un gbá, ó wọlé. Ara gbogbo wa gbóná. Kò pẹ́ sígbà náà tí Calafiori ta bọ́ọ̀lù wọlé láti apá òsì. Ó kọjá Donnarumma, àwọ̀n wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Àmọ́ bọ́ọ̀lù náà ò wá nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń ta, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ Saka ló sì bọ́ sí díẹ̀, ó di dandan kó fara sẹ́yìn kó tó lè bá a. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù rí, ì báà ṣe ní pápá iléèwé lásán, mọ̀ pé bí àyà bá ti lọ sẹ́yìn, òkè ni bọ́ọ̀lù ń gbà. Òkè náà ló gbà. Ó yẹ kó wọlé lóòótọ́, bó bá sì wọlé, góòlù méjì-méjì la wà yẹn, ẹyọ kan péré ló máa kù.

Ṣé ìyẹn wá ni ká torí ẹ̀ máa bú ọmọ ọlọ́mọ? Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London ní 2001, tó ti wà lọ́wọ́ Arsenal láti kékeré, tó gba Hale End, ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Arsenal, kọjá. Iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ já ní pápá Crystal Palace nínú oṣù Ọ̀pẹ, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ju oṣù mẹ́ta lọ kó tó padà. Ọjọ́ tó padà, ìyẹn ọjọ́ 1 oṣù Igbe nígbà tí a gbàlejò Fulham, orí àga ni ó ti dìde wọlé, kò sì pẹ́ tó fi gbá góòlù sáwọ̀n. Ní Bernabéu, pápá Real Madrid, ńkọ́? Ó pàdánù pẹnáritì níwájú gbogbo èrò Madrid, Courtois, aṣọ́lé wọn, gbá a mú. Ẹlòmíràn ì bá sá fún bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ìdajì kejì eré yẹn kan náà, òun náà ló padà wá dá bọ́ọ̀lù lé Courtois lórí, ó sì rọra bọ́ sínú àwọ̀n.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé Donnarumma yìí kan náà ló mú pẹnáritì rẹ̀ ní Wembley ní 2021, nígbà tí Italy gba ife ẹ̀yẹ Yúróòpù mọ́ England lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà náà, èébú tí wọ́n sì bú u nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ó dìde lórí ìyẹn. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ lórí fóònù láàárọ̀ yìí tó máa mú kí n kẹ̀yìn sí i. Òun nìkan ló gbá góòlù fún wa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú PSG.

Ọ̀rọ̀ Arteta wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Mọ́kọ́lá, bí rẹfirí ṣe fọn fèrè ìkẹyìn ni àwọn ọmọ Chelsea àti ọmọ Man U hó yèè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò, ọmọ Arsenal bíi tèmi, yíjú sí mi, omi ti lé sí i lójú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ọkùnrin yìí ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Kó máa lọ.” Mo ní, “Àbúrò, ta lo fẹ́ gbé síbẹ̀?” Kò dá mi lóhùn. Ó kàn ń wo ibi tí àwọn PSG ti ń jó.

Èmi ò sí lára àwọn tó ní kó lọ. Mo rántí bí ilé ṣe rí nígbà tó dé ní oṣù Ọ̀pẹ 2019. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé Unai Emery ni, àwọn èrò ìwòran ń hó lé balógun ikọ̀ lórí nínú pápá wa, ipò kẹjọ la sì parí sí lẹ́ẹ̀mejì léra wọn. Ó gba FA Cup ní 2020 pẹ̀lú góòlù méjì tí Aubameyang gbá sáwọ̀n Chelsea, ṣùgbọ́n nígbà tí Aubameyang yìí kan náà ò tẹ̀lé òfin mọ́, ó gba ipò balógun lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kó lọ. Özil náà lọ. Ìgbà yẹn ọ̀pọ̀ ló ń pariwo, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ṣì wà níbẹ̀. Àmì 84 la ní ní 2023, àmì 89 ní 2024, tí Man City fi àmì méjì péré gba liigi mọ́ wa lọ́wọ́. Kí Arteta tó dé, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń nà wá ní Anfield àti Etihad bí ẹni ń na ọmọ iléèwé. Ní oṣù Èrèlé ọdún yìí, márùn-ún sí ẹyọ kan la na Man City ní Emirates, Lewis-Skelly, ọmọ ọdún 18, sì gbá ọ̀kan níbẹ̀.

Àmọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àná kò dùn mọ́ mi nínú. Ó ní òun ò rò pé ẹgbẹ́ kan wà tó dára jù wá lọ nínú ìdíje náà. Mo gbà pé ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, tiwa ni. Rice fi orí kan bọ́ọ̀lù, ó gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Martinelli dojú kọ àwọ̀n, Donnarumma ta á nù. Ødegaard fa kinní kan láti òkèèrè, ọkùnrin gíga yẹn nà gbalaja, ó mú un. Ìgbà tí ìyẹn kọjá tán, Fabián Ruiz fi àyà gba bọ́ọ̀lù, ó gbá a sáwọ̀n ní ìṣẹ́jú 27, ìṣirò sì ti dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Aṣọ́lé tiwa, Raya, tún mú pẹnáritì Vitinha. Ọpẹ́ ni fún un, torí bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ẹ̀sín náà ì bá pọ̀ ju báyìí lọ. Bí Dembélé ṣe yí wa po ní Emirates lọ́jọ́ 29 oṣù Igbe, tó gbá góòlù ní ìṣẹ́jú kẹrin, ta ló wo ìyẹn tó máa ní àwa la dára jù? Kọ́ọ̀ṣì lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ ró nínú yàrá ìmúra. Àwa tí à ń wò wọ́n, òótọ́ ló tọ́ sí wa.

Òótọ́ náà ni pé a lọ sí Paris láìní atamátàsé. Mikel Merino ló wà níwájú, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà láàárín pápá. Mi ò bá Merino jà rárá. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ iwájú ní Leicester, góòlù méjì ló gbá, ó tún gbá ọ̀kan sáwọ̀n Real Madrid. Ó ń ṣe ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tó fi í síbẹ̀ nítorí pé kò sí ẹlòmíràn. Wọ́n ta Nketiah fún Crystal Palace lọ́dún tó kọjá, wọn ò ra ẹnì kan dípò rẹ̀. Oṣù Ṣẹẹrẹ, orúnkún Gabriel Jesus bàjẹ́ nígbà tí a ń gbá pẹ̀lú Man U. Saka ti wà nílé ìwòsàn ṣáájú ìyẹn. Ọjà ṣì ṣí sílẹ̀ nígbà yẹn o! Wọ́n na ọwọ́ sí Ollie Watkins, Aston Villa kọ̀, ó parí síbẹ̀. Ọjà pa ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé, a ò mú ẹnì kankan wálé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí iṣan itan Havertz náà já ní Dubai níbi tí wọ́n ti lọ gbatẹ́gùn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ogun yìí sì kéde ara rẹ̀ fún wa pẹ̀lú ìlù.

Ohun tó ń dun àwa àgbà ọmọ Arsenal ni pé a ti rí eré yìí rí. Ní 2015, Wenger wọ ọjà ẹ̀ẹ̀rùn wọn lọ́hùn-ún, Petr Čech aṣọ́lé nìkan ló rà. Kò ra ẹnì kan tó máa sáré nínú pápá. Sáà yẹn, Chelsea dàrú, Man City ò dúró re, Man U ń wá ara wọn, Leicester ló gba liigi, a sì ṣe ipò kejì ní àmì mẹ́wàá sẹ́yìn wọn. Bí a bá ra atamátàsé gidi kan lọ́dún náà, mo gbàgbọ́ pé àwa ni ì bá gbà á. Mo fẹ́ràn Wenger títí dòní. Òun ló mú Kanu wá láti Inter ní 1999, Kanu ló sì mú èmi wọ ẹgbẹ́ yìí. Góòlù mẹ́ta tó gbá sáwọ̀n Chelsea ní Stamford Bridge ní oṣù Ọ̀wàwà ọdún yẹn, tí ìkẹta wá láti ẹ̀gbẹ́ ìlà níbi tí ẹlòmíràn ti máa wá ọ̀nà àtigba kọ́nà, ìyẹn ló sọ ìdajì àdúgbò wa di ọmọ Arsenal. Wenger fún wa ní liigi mẹ́ta, FA Cup méje, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 49 láìfìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí mo ní sí i kò ní kí n má sọ pé agídí rẹ̀ lórí owó àti lórí ẹni tó máa rà ló jẹ wá lẹ́sẹ̀ lópin. Agídí yẹn ni mo ń rí lára Arteta báyìí, ìdí nìyí tí àyà mi fi ń já.

Nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù, Declan Rice ni mo fi ṣe olórí lọ́dún yìí. Firíkíìkì méjì tó gbá sáwọ̀n Madrid ní ọjọ́ 8 oṣù Igbe, èyí àkọ́kọ́ yí po ògiri láti ìta, èyí kejì lọ wọ igun òkè tí Courtois ò lè dé láéláé. Kò gbá irú rẹ̀ wọlé rí kó tó di ọjọ́ yẹn. Saliba ò ṣàṣìṣe púpọ̀. Kiwior tó bọ́ sípò Gabriel Magalhães tó fara pa, ó ṣe bí ọkùnrin. Ødegaard ló ń kọ mí lóminú. Láti ìgbà tó ti ṣèṣe lọ́rùn ẹsẹ̀ pẹ̀lú Norway, kò tíì padà di ara rẹ̀. Ó máa gba bọ́ọ̀lù, á yí i lápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á tún dá a padà sẹ́yìn. Balógun ikọ̀ ni, ó yẹ kó máa ta bọ́ọ̀lù tó léwu. Martinelli ń sáré, ó ń gba ìyà, àmọ́ ìpinnu tó ń ṣe níwájú àwọ̀n kò dára tó fún ibi tí a fẹ́ dé. Mo sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, a ń lọ sí Anfield. Liverpool ti gba liigi, a máa tò fún wọn, a máa pàtẹ́wọ́ fún wọn kí wọ́n tó wọlé. Ó máa dùn wá, ṣùgbọ́n ó tọ́ sí wọn. Àmì 67 ni a ní, Man City ní 64, Newcastle àti Chelsea ní 63 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ló sì kù. Bournemouth ti nà wá nílé ní Sátidé. Tí a bá tún fi ìbànújẹ́ Paris gbá ti Liverpool, tí Newcastle sì wá bá wa ní Emirates lẹ́yìn rẹ̀, a lè bá ara wa níta ipò márùn-ún tó máa wọ Champions League. Kí Arteta fún Nwaneri láyè láti ìbẹ̀rẹ̀, kí Saka gbá bó bá lè gbá, kí Rice sinmi tí ara rẹ̀ bá ti rẹ̀ jù. Ní ti Andrea Berta, olùdarí eré ìdárayá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé sípò Edu, orúkọ Gyökeres ti Sporting àti Šeško ti Leipzig là ń gbọ́ káàkiri. Èyíkéyìí tó bá mú nínú wọn, kó mú un kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n lọ.