Ọ̀rọ̀ tí a fi ń wá ìwádìí: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ láíbìrì

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan wọlé tọ̀ mí wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti sú u pátápátá. "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ń wá ìwádìí lórí àwọn aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Àtàárọ̀ ni mo ti ń wá a, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Mo ní kó jókòó, kó jẹ́ kí n rí bó ṣe ń wá a. Ó ṣí PubMed, dátábéèsì ọ̀fẹ́ fún ìwádìí ìṣègùn, ó tẹ odidi gbólóhùn kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó fi àmì àyọlò síwájú rẹ̀, ó fi òmíràn sẹ́yìn. Òfo ló jáde.

Èmi ni mo kọ́ ọ. Oṣù tó ṣáájú ni mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ sí láíbìrì wa, tí mo sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ rí nǹkan gidi, kó máa fi àmì àyọlò sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn dára tí èèyàn bá ń wá àkòrí ìwé kan pàtó lórí Google. Ní PubMed, ó pa ọmọ yìí lára. Tí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ láìfi àmì kankan sí i, PubMed fúnra rẹ̀ máa ń bá yín wá orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe nǹkan náà, á sì fi kún un. Ẹ tẹ high blood pressure, á wá hypertension mọ́ ọn. Àmì àyọlò ló sábà máa ń dá ìrànlọ́wọ́ yẹn dúró. Tó bá ti wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ gan-an, bí ẹ ṣe tò ó, nìkan ló sábà máa ń wá.

A yọ àmì náà, a gé gbólóhùn náà kù sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ni ìwádìí bá ń ya wọlé. Àmọ́ ohun tí a ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló yí ọwọ́ mi padà sí iṣẹ́ yìí. A mú ẹyọ kan tó bá ohun tó ń wá mu, a ṣí i, a sì lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ MeSH terms sí. MeSH ni àkójọ orúkọ tí láíbìrì ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ti ń lò láti ọdún 1960, kí ìwádìí lórí nǹkan kan náà lè wà lábẹ́ orúkọ kan náà. Orúkọ méjì tó kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀: Pre-Eclampsia, àti Hypertension, Pregnancy-Induced. A kọ wọ́n sílẹ̀, a fi wọ́n wá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò pẹ́ tó fi ń yan èyí tó fẹ́, tó ń fi èyí tí kò fẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àpilẹ̀kọ ló ní orúkọ MeSH o. Níbi tí kò bá ti sí, ẹ wo àwọn keywords, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ máa ń tò sábẹ́ abstract, àkópọ̀ ìwádìí náà. Ẹyọ àpilẹ̀kọ kan tó dára máa ń sọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún yín.

Ìdí nìyí tí mi ò fi kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ dátábéèsì mọ́. Ọ̀rọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Kí n tó wá ọ̀rọ̀ pàápàá, mo máa ń béèrè.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló jẹ́ kí n mọ ìyẹn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ìwádìí lórí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ìwé kíkà. Kíá, mo ti ṣí ERIC, dátábéèsì ọ̀fẹ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń tọ́jú fún ìmọ̀ ẹ̀kọ́, mo tẹ ìwé gègèrè jáde fún wọn. Bàbá ń ṣí i lójú ewé lójú ewé, wọn ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo wá bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?" ni wọ́n sọ pé ọmọ ọmọ àwọn ni, tó ń ka b sí d. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò lè sọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà, àmọ́ dyslexia, ìyẹn ìṣòro tó máa ń mú kí ìwé kíkà nira fún èèyàn, ni ọ̀rọ̀ tó yẹ ká ti fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a wá a lákọ̀tun, a fi máàkì sí "Full text available on ERIC", torí láìṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ kò ní ju àkópọ̀ ìwádìí lọ.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń dùn mí jù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi owó ara rẹ̀ ra àpilẹ̀kọ kan tí ẹni tó kọ ọ́ ti gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ sí ìkànnì yunifásítì tirẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo rí i, ó ká mi lára gan-an. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í sanwó níwájú mi láìjẹ́ pé a ti yẹ ibòmíràn wò. Lórí Google Scholar, apá Google tó wà fún wíwá ìwádìí, ẹ tẹ "All versions" lábẹ́ àpilẹ̀kọ náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀dà ọ̀fẹ́ sábà máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ fi Unpaywall, ètò kékeré kan tó ń bá yín wá ẹ̀dà ọ̀fẹ́, sórí kọ̀ǹpútà láíbìrì; tí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó bófin mu bá wà, àmì àgádágodo rẹ̀ á di àwọ̀ ewé. JSTOR, àkójọ àpilẹ̀kọ ńlá kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ń jẹ́ kí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ka ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ lóṣù lójú kọ̀ǹpútà, bí kò tilẹ̀ ní lè gbé wọn lọ. Gbogbo jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà ìwádìí, tó wà nínú DOAJ, àkójọ orúkọ jọ́nà ọ̀fẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003, ọ̀fẹ́ ni láti kà, wọ́n sì máa ń yẹ jọ́nà wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Google Scholar kì í ṣe irú àyẹ̀wò yẹn: ẹ̀rọ ló ń kó tibẹ̀ jọ, torí náà ẹ má gbà pé ohun tó bá ti wà níbẹ̀ ti yege.

Tí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ẹ kọ ímeèlì sí òǹkọ̀wé. Ìlà mẹ́ta ti tó: ẹni tí ẹ jẹ́, àpilẹ̀kọ tí ẹ ń wá, ẹni tí ẹ ń wá a fún. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti fèsì fún mi, inú wọn a sì máa dùn pé ẹnì kan níbi jíjìn fẹ́ ka iṣẹ́ àwọn.

Fún láíbìrì tó bá wà ní orílẹ̀-èdè tí owó kò ti fi bẹ́ẹ̀ sí, Research4Life wà, ètò tó ń jẹ́ kí wọ́n rí ìwádìí kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Hinari, apá rẹ̀ tó wà fún ìmọ̀ ìlera, ní 2002. Iléeṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ ló ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí náà ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ dátábéèsì olówó ńlá ni ẹ ń rò, ẹ ní kí àwọn tó ń tà á kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́, àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì sì ni kí ẹ mú. Ìgbà ìsinmi ni mo mú tiwa. Èmi nìkan ni mo lò ó tí ọjọ́ fi pé.

Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà wa báyìí, mo fa ìlà sí àárín ojú ewé rẹ̀. Lápá òsì ni ohun tí ẹni tó wọlé pè é, lápá ọ̀tún ni ohun tí dátábéèsì ń pè é. Ẹ̀jẹ̀ ríru aláboyún ló wà lókè pátápátá. Ọmọ nọ́ọ̀sì yẹn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀.