Ọdún 2024: Ẹnubodè ló gba gbogbo rẹ̀

Bí ẹ bá ní kí a máa ka oṣù méjèèjìlá ọdún yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò ní rí nǹkan kan kà. Ọjọ́ 13 oṣù kẹta ni Nàìjíríà ṣí ẹnubodè Niger padà, èyí tí àwa tí a ń lọ wàásù ìhìnrere ní àwọn abúlé agbègbè Zinder ní Niger ń gbà kọjá. Ohun tó wà ṣáájú ọjọ́ náà, ìdúró ni. Ohun tó tẹ̀ lé e, ìpadàlọ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ ìtàn náà: àwọn ológun gbàjọba ní Niamey, olú-ìlú Niger, ní ọjọ́ 26 oṣù keje 2023, ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, fi òfin dè wọ́n, ọ̀nà dí, owó ò ṣe é fi ránṣẹ́ mọ́, Nàìjíríà sì já iná mànàmáná tó ń tà fún wọn. Ó di ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún yìí kí ECOWAS tó tú ìdè náà.

Bí ẹnubodè ti ṣí báyìí ni ẹ ti ń pè wá: "Ìgbà wo lẹ ń lọ?" A ní kí ẹ ní sùúrù, ẹ sì rò pé ẹ̀rù ló ń bà wá. Díẹ̀ ni ti ẹ̀rù. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta. Àlejò tó bá wọ abúlé nínú ààwẹ̀ ti kó àwọn tó gbà á sílé sí wàhálà: wọ́n á máa dáná fún un lọ́sàn-án nígbà tí àwọn fúnra wọn ò fẹnu kan omi, tàbí kí òun máa sá wọ yàrá lọ mumi bí olè. Oṣù kẹrin ni Ìtúnu Ààwẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ooru á kọjá 40 ní ìwọ̀n Celsius lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n àyè ìgbà yẹn náà ni ẹ ní, nítorí tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà, gbogbo ọkùnrin á ti kúrò nílé ní ìdájí, àká jéró á sì ti ń gbẹ. Ẹni tó bá lọ ní oṣù keje, oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn ló lọ jẹ. Ìgbà kejì tó tún dára ni ìparí oṣù kẹwàá síwájú, lẹ́yìn ìkórè.

Kánò, Dáúrá, Kongolam, títí dé agbègbè Zinder ni ọ̀nà wa. Ọ̀nà Jibiya tó lọ sí Maradi ṣì wà, àmọ́ àwọn agbébọn ń rìn ní àgbègbè náà, a kì í sì í fi àdúrà dán ọ̀nà wò. Ní ti ìwé, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (yellow fever) ló máa ń dá ènìyàn dúró jù. Láti 2016, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ayé ẹni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí o tó kọjá. Káàdì tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tí o ń rìnrìn-àjò, ẹjọ́ ni. Ní 2024, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní Brown Card, ìwé adójútòfò ọkọ̀ ti ECOWAS. Lábẹ́ òfin ECOWAS, kí Niger tó kúrò nínú àjọ náà, ọkọ̀ ara ẹni lè lo ọjọ́ 90 níbẹ̀, ti akérò lè lo ọjọ́ 15, nítorí náà a ní kí ẹ má gba bọ́ọ̀sì akérò fún ìbẹ̀wò tó máa pẹ́.

Owó ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tí 2024 fi ń parí, ó ti lé ní 1,500. Sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Niger, ní tirẹ̀ so mọ́ yúrò, 655.957 sí ẹyọ kan, kì í bá náírà wọlẹ̀. Iye tí a kọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà lọ́dún tó kọjá kò wá ra ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí a fẹ́ fi rà. Olùtọ́jú owó wa, tí ẹ mọ̀ pé kì í rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín lọ́dún yìí. Ẹ̀rín náà kò dùn ún gbọ́. Ẹ mú owó kéékèèké dání, 500 àti 1,000 sẹ́fà. Olówó 10,000 kò ní rí ṣéńjì ní abúlé, wọ́n á sì rò pé ó ń fi yangàn ni.

Ní abúlé, ọ̀dọ̀ mai-gàrì, baálẹ̀ ibẹ̀, ni a ń kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn náà olórí àgbègbè àti àwọn agbófinró. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ọ̀fọ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ kó tó padà gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tó kú àti ẹni tó bí kó tó ṣí Bíbélì. Kì í ṣe tuntun: Henry Townsend, ajíhìnrere òyìnbó, dé Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní 1843, Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nígbà tí òun àti Àjàyí Crowther padà dé Àgbádárìgì ní 1845, Ṣódẹkẹ́ ti kú, ó sì di 1846 kí wọ́n tó rí Abẹ́òkúta wọ̀. Gbogbo ètò tí wọ́n ṣe, ẹni tí wọ́n bá ṣe é ti lọ.

Bàbá wa kan ní abúlé náà ti lọ. Ẹ mọ àwọn tí à ń sọ. Ẹnubodè ṣì tì nígbà tí wọ́n kú, ìròyìn ló bá wa nílé. Wọ́n jẹ wá ní àríyànjiyàn kan lórí ọ̀rọ̀ Ànábì Yúnúsà tí a ò parí. A ó gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́run, bí wọ́n bá jẹ́ kí a jókòó sí apá kan náà.

Ohun tí ẹnubodè títì fi hàn wá nìyí: nǹkan tí kò gba ọwọ́ wa kọjá ló kù. Ẹ wo pọ́ǹpù àfọwọ́fà, India Mark II. Rọ́bà méjì tó wà lára písítìnì nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jẹ. Bí omi bá ń dínkù ní gbogbo ìfà, rọ́bà ni. Bí ó bá jẹ́ pé àárọ̀ nìkan ni ẹ ń fà á títí kí omi tó dé, fáàfù ìsàlẹ̀ ló ń jò mọ́jú. Ìgbìmọ̀ omi abúlé ti ń gba owó lọ́wọ́ agboolé kọ̀ọ̀kan. Àwọn fúnra wọn ló ra rọ́bà ní Zinder, tí wọ́n tú orí pọ́ǹpù, tí wọ́n fa páìpù jáde. Mítà mẹ́ta ni gígùn páìpù kọ̀ọ̀kan. Ibi tí sílíńdà bá ti jìn ní mítà 30, páìpù mẹ́wàá nìyẹn, pẹ̀lú irin inú wọn, ó sì wúwo. Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́ ni ohun tí wọ́n fi ń di páìpù mú: bí wọn ò bá fún un le, gbogbo rẹ̀ á yọ bọ́ sínú kànga. Lẹ́yìn náà, wọ́n da bulíìṣì sí i: èyí tó jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, mílílítà kan fún lítà omi kan. Kànga tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 11, tí omi rẹ̀ jìn ní mítà 30, gba bí 285 lítà, nítorí náà mílílítà 285. Ó sùn mọ́jú, wọ́n sì fa omi dànù títí òórùn fi lọ kí ẹnikẹ́ni tó mu. Omi ń ṣàn nígbà tí a dé. Kò sẹ́ni tó béèrè wa.

Bátìrì sólà ńkọ́? Ó kú. Bátìrì olómi ásíìdì, ti fólítì 12, tó kún dáadáa máa ń fi 12.7 hàn; bó bá jókòó lábẹ́ 12.4 fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, sọ́fẹ́ètì (iyọ̀ òjé) á le mọ́ àwo inú rẹ̀, kò ní gba iná mọ́. Ooru sì ń jẹ́ kí iná tètè tán nínú rẹ̀. Páànẹ́lì tó wà ní síso ìbá ti gbà á là, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yàrá náà ti bá wa sọdá ní 2023. Ẹni méjì ní abúlé ló mú kọ́kọ́rọ́ báyìí.

Ti owó oṣù le jù. Nígbà tí owó ò ṣe é fi ránṣẹ́ mọ́, àwọn ajíhìnrere tí kò ní iṣẹ́ mìíràn gba Líbíà tàbí Nàìjíríà lọ wá oúnjẹ. A ò dá wọn lẹ́bi. Àwọn tó ń dáko, tó ń ránṣọ, dúró, ìpàdé sì ń bá a lọ nínú agboolé àwọn obìnrin, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, pẹ̀lú Bíbélì Hausa lórí fóònù. A ò tún bẹ̀rẹ̀ owó oṣù. Irúgbìn àti akọ màlúù ìtúlẹ̀ la rà lẹ́ẹ̀kan, a fi lé gbogbo ẹgbẹ́ wọn lọ́wọ́, kì í ṣe ẹnì kan. A mọ̀ pé àwọn kan lára yín ò ní gbà, ẹ kọ̀wé sí wa. Nínú ìpàdé, ẹ̀yìn la jókòó sí, wọn ò sì ní kí a wàásù. Ó dun àwọn oníwàásù wa; ara wọn ti ń yá.

Òjò ọdún yìí pa ènìyàn tó lé ní 300 ní Niger. Mọ́ṣálásí ńlá Zinder, tó ti wà láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún 19, wó ní oṣù kẹjọ, wọ́n sì sún ìwọlé àwọn ọmọ iléèwé sí ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá. A kí ìmáàmù kú àjálù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ́tò àwọn ará ibẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, kódà èyí tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín.

Niger jáde kúrò ní ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2025. Àwọn olórí tó pàdé ní Àbújá ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 2024 fi àyè sílẹ̀ títí di ọjọ́ 29 oṣù keje 2025. Ní òpin 2024, a ò mọ̀ bóyá ọjọ́ 90 tí a fi ń gbé níbẹ̀ láìgba físà á ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn. A retí, àmọ́ a ò fi ọkàn sí i tán. Ìjọ ibẹ̀ ti ń kọ ìwé ìpè. Ẹni tí páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ bá máa parí lọ́dún tó ń bọ̀, kó lọ tún un ṣe ní oṣù kìíní, kó sì mú ẹ̀dà ojú ìwé àkọ́kọ́ wá fún olùtọ́jú owó. Ẹ kí wọn dáadáa. Ẹ má mẹ́nu kan sẹ́fà.