Ọdún àdá ni ọdún yìí

Ọdún ti ń lọ sópin, mo ní kí n jókòó ṣírò ohun tí ojú wa rí lórí ilẹ̀ ìgbòrò tí a fẹ́ sọ di igbó padà lẹ́yìn Ọmí-Àdìó. Ẹni tó bá ń retí kí n ka iye igi tí a gbìn, kó má bínú. Gbígbìn ló rọrùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, a gbẹ́ kòtò, a gbìn, a ya fọ́tò, ó parí. Àdá la fi ṣe ìyókù ọdún.

Ewé Akíntọ́lá ni ọ̀tá wa. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣá, bí wọ́n sì ṣe kẹ́yìn sí i ni ewé yìí gba gbogbo rẹ̀. Ọ̀gbìn tí kò tíì ga kọjá orúnkún kì í róòrùn lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ̀rùn bá wá mú, á gbẹ táútáú, ọdẹ kan ṣoṣo tó ń finá lé òkété sì lè sọ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta deérú. Àwọn FORRU, ẹ̀ka ìwádìí nípa dídá igbó padà tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Chiang Mai ní Thailand láti 1994, ti sọ ọ́ tipẹ́: tí òjò bá ti ń rọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà síra ni kí wọ́n máa ro ìdí ọ̀gbìn, ó kéré tán fún àsìkò òjò méjì, títí ewé á fi pàdé lókè tí òjìji á sì bá wọn pa èpò. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn dùn wá.

Ibi tó ń bí mi nínú nìyí. Àjọ kan fún wa lówó ọ̀gbìn, owó náílọ́ọ̀nù, owó báńà pàápàá. Nígbà tí mo wá béèrè owó àgbàro ọdún kejì, wọ́n ní kò sí nínú ètò, ká kúkú gbin púpọ̀ sí i. Nàìjíríà náà ti ṣèlérí mílíọ̀nù mẹ́rin hẹ́kítà lábẹ́ AFR100, ètò tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fi ṣèlérí láti dá ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ padà sípò. Ó dáa o, àmọ́ ta ni yóò ro ó?

Ìrókò ló gbà mí lọ́kàn jù. Ẹ ó rí i lónìí tí ewé rẹ̀ ń dán, kò ní pẹ́ tí ọ̀mùnú rẹ̀ á wú kókó. Kòkòrò tíńńtín kan tí wọ́n ń pè ní Phytolyma ló ń yé síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ á wọnú ọ̀mùnú, ara igi á sì wú bò ó. Ẹ fi èékánná la kókó náà, oje funfun á yọ, ẹ ó sì bá ọmọ kòkòrò nínú ihò rẹ̀. Tí kókó bá bẹ́, ọ̀mùnú á jẹrà, á kú láti orí wá sísàlẹ̀. Igi á tún sọ, kòkòrò á tún dé. (Wọ́n ní Olúwéré ló ń gbénú ìrókò. Ẹ bá mi bi í, níbo ló wà?) Ìdí nìyí tí ìrókò tí wọ́n bá gbìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrókò fi ń forí ṣánpọ́n. Àwọn olùwádìí ní Gánà ní kí wọ́n tú u ká sáàárín igi mìíràn, lábẹ́ òjìji díẹ̀. Èmi tú tiwa ká sáàárín àyùnrẹ́ àti afárá. Kókó ṣì ń yọ, àmọ́ àwọn tó wà lábẹ́ àyùnrẹ́ ti ga ju àwọn tó wà ní gbangba lọ.

Àwọn tí a kò gbìn ló wá yà mí lẹ́nu. Kùkùté tí mo rò pé ó ti kú ń sọ. Ìrókò kéékèèké ń hù nídìí ìyeyè, torí àdán ń jẹ èso ìrókò, ó sì ń su kóró rẹ̀ káàkiri. A ní ó ń dorí kodò wòṣe ẹyẹ, òun náà ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bàbá tó ń bá wa gba àgbàro dúró lórí ọ̀kan:

"Ọ̀gá, ṣé kí n fi eléyìí sílẹ̀? Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbìn ín."

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ri ọ̀pá tì í kí àdá má bà á."

Ní báyìí, Bàbá ló ń kọ́kọ́ rí àwọn igi tó hù fúnra wọn ju èmi lọ.

Ẹ̀rí pé igbó lè padà fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Nígbà tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1967, ilẹ̀ oko pọ̀ níbi tó di igbó wọn lónìí, nǹkan bí 350 hẹ́kítà. Wọ́n fi í sílẹ̀, ó sì di igbó. Ibẹ̀ ni malimbe Ìbàdàn ń gbé, ìbátan ẹ̀gà tí Elgood ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣàpèjúwe ní 1958, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àmọ́ IITA ní fẹ́ǹsì àti ẹ̀ṣọ́. Àwa ní àdá.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní oṣù kìn-ín-ní ni ká ṣán ọ̀nà iná yí ilẹ̀ ká, kí iná má bàa ráyè wọlé. Lẹ́yìn náà, arère ni mò ń wá. Kì í so lọ́dọọdún, tó bá sì so, kòkòrò á ti dá ọ̀pọ̀ èso rẹ̀ lu, ìyókù kì í sì í ṣeé tọ́jú pẹ́. Ẹni tó bá rí arère tó so láàárín Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú, kó jọ̀ọ́ tẹ̀ mí láago. N ó gun ọ̀kadà wá ṣa á fúnra mi. Kí wọ́n ṣáà má gbá ìdí rẹ̀ kí n tó dé.